Fèrè Alága

Ẹgbẹ́ wa nígbà náà, díẹ̀ ló kù kí olóyè inú rẹ̀ pọ̀ ju ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Bí a bá pé jọ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Minna, ẹ ó rí Alága àti Igbákejì Alága, ẹ ó rí Akọ̀wé àti Igbákejì Akọ̀wé, ẹ ó rí Akápò tó jẹ́ pé ẹ̀pà àti ìpanu dákúwà ló ń tọ́jú, àti Alukoro tó ń ti ilé dé ilé pe ìpàdé. Ẹni tí kò bá ní ipò kankan nínú wa, a jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá rántí, nítorí bí a ṣe kéré tó nì, a mú ọ̀rọ̀ oyè yẹn le bí ẹni pé ààfin la wà.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé òmìnira ni mò ń sọ. Ọmọ ilé-ìwé ni gbogbo wa. Àwọn kan ń lọ sí ilé-ìwé nínú ìlú, àwọn mìíràn bíi tèmi ń gbé ní ilé-ìwé níbòmíràn, a sì ń wálé lásìkò ìsinmi. Apá kan ẹgbẹ́ náà ni àwọn ọmọ rélùwéè, ọmọ gáàdì, ọmọ akọ̀wé téṣàn, ọmọ àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí bàbá wọn wá láti Abẹ́òkúta, láti Ìbàdàn, láti Ìjẹ̀bú. Onígbàgbọ́ wà nínú wọn, Mùsùlùmí sì wà. Apá kejì ni àwa ọmọ Ìlọrin, tí àwọn bàbá wa jẹ́ oníṣòwò, alfa onílé-kéwú àti oníṣẹ́ ọwọ́. Bàbá tèmi da méjì pọ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú níta ilé wa ní Keteren Gwari, bí wọ́n bá sì ti lọ tán, á mú abẹ́rẹ́ àti òwú, á máa ṣe iṣẹ́ ọnà sára fìlà.

Ohun tó mú wa dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò ju ìtìjú lọ. Minna la bí púpọ̀ nínú wa sí, Hausa ló sì dùn lẹ́nu wa jù. Bí a bá bá àwọn òbí wa lọ sílé, àwọn ẹbí a máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ìyá bàbá mi ní Ìlọrin kí mi káàbọ̀, "Sannu" ni mo fi dá a lóhùn láìmọ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi níṣojú gbogbo ilé pé, "Ẹ wá wo ọmọ Gàmbàrí tí wọ́n gbé wá bá mi." Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Òfin ẹgbẹ́ wa wá ni pé Yorùbá nìkan la ó máa sọ nínú ìpàdé, Alága ló sì ń ṣọ́ òfin náà.

Fèrè ló fi ń ṣọ́ ọ. Fèrè gáàdì ni, irú èyí tí gáàdì ń fọn kí ọkọ̀ ojú irin tó gbéra, fèrè onírin tí bàbá ọ̀kan lára àwọn ọmọ rélùwéè lò títí ó fi gba òmíràn lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti dán níbi tí ìka ti ń dì í mú, okùn dúdú kan sì wà lára rẹ̀ tí a fi ń gbé e kọ́rùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ Hausa, Alága á fọn ún: fíìì! Ẹni náà á dìde, á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ní Yorùbá kó tó jókòó. Bí ìjà bá wá bẹ́, tí ìjà kì í sì í wọ́n láàrin wa, gbogbo wa la máa ń bọ́ sínú Hausa lẹ́ẹ̀kan náà, torí ta ló lè fi èdè tí kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bínú? "Kai! Ƙarya ne!" Fíìì! Olúwarẹ̀ á dìde, á wá Yorùbá rẹ̀ títí: "Ó... irọ́ ni!" Ẹ̀rín á sọ, ìjà á sì parí síbẹ̀. Kò sí oyè kan nínú ẹgbẹ́ wa tó dùn tó kí okùn dúdú yẹn wà lọ́rùn ènìyàn.

Òfin kan tún wà tí n kò rí irú rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ mìíràn tí mo wọ̀ láti ìgbà náà wá. Bí Alága bá jẹ́ ọmọ rélùwéè, ọmọ Ìlọrin ni igbákejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí Alága bá jẹ́ ọmọ Ìlọrin, igbákejì á wá láti rélùwéè. Kì í ṣe nítorí àlàáfíà nìkan. Ilé ọmọ rélùwéè kì í ṣe ilé tí a fọkàn tẹ̀. Ní ọjọ́ kan ṣá, bàbá wọn á ti ibi iṣẹ́ dé, á ní wọ́n ti gbé òun lọ sí ìlú mìíràn, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí, ìyá wọn á ti kó ìkòkò sínú ẹrù, á ti so adìyẹ lẹ́sẹ̀. Alága tó bá ń lọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé fèrè lé igbákejì rẹ̀ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé wọn lọ, téṣàn náà la ti ń ṣe é. Alága á ti wọ inú ọkọ̀, á na fèrè jáde láti ojú fèrèsé, igbákejì á dúró nílẹ̀, á gbà á. Ojú ẹsẹ̀ náà ló di Alága. Àwọn arìnrìn-àjò a máa wò wá bí ẹní ń wòran.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, díẹ̀ ló kù kí ayé bàjẹ́. Alága tuntun gba fèrè, inú rẹ̀ dùn, ó fi í sẹ́nu, ó fọn ún. Fèrè gáàdì ni o, ní téṣàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ti fẹ́ gbéra! Gbogbo àwọn tó sọ̀kalẹ̀ lọ ra iṣu sísun àti kúlíkúlí rò pé ọkọ̀ ń lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, wọ́n ń ti ojú fèrèsé ju ẹrù wọlé, ìyá kan ń pariwo pé ọmọ òun dà, ọmọ náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó pọ̀n ọ́n sí. Gáàdì gidi jáde pẹ̀lú àsíá rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, ó sì lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde ní téṣàn. Láti ọjọ́ náà ni a ti fi òfin kún òfin: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọn fèrè yẹn ní téṣàn, ìbáà jẹ́ Alága. Ẹni tó bá fọn ún níbẹ̀, oyè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọdún tí mo di Igbákejì Alága, kò sẹ́ni tó bá mi du ipò náà. Ọmọ Ìlọrin ló kàn. Akọ̀wé wa, ọmọkùnrin gíga kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló yẹ kó gbà á, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ wá jókòó lásán. Ó nawọ́ sí mi. "Ẹ fún un. Igbákejì kò kúkú ní nǹkan tó ń ṣe. Kó máa jókòó síbẹ̀ fún ẹwà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Láti kékeré ni mo ti rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó gbá mi létí kò tíì ṣẹ̀ mí tó ẹni tó ní n kò wúlò. Mo gba ipò náà, mo sì pinnu nínú ara mi pé n ó jókòó sórí àpótí Alága lọ́jọ́ kan, obìnrin kò jókòó síbẹ̀ rí, fèrè yẹn á sì wà lọ́rùn mi, akọ̀wé á sì gbọ́ ọ.

Alága ọdún náà jẹ́ ọmọ akọ̀wé téṣàn kan, ọmọlúàbí tí kì í gbóhùn sókè. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń darí ìpàdé, bí a ṣe ń jẹ́ kí aláriwo sọ tẹnu rẹ̀ tán kí a tó pe ẹni tó dákẹ́. Ìdílé wọn kò tíì pẹ́ ní Minna, gbogbo ènìyàn sì gbà pé bàbá rẹ̀ kò ní í kúrò láìpẹ́. Rélùwéè kò bi gbogbo ènìyàn léèrè. Ìsinmi gígùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wá sílé wa, ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá mi, ó wá sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé Kàfáńṣàn ni wọ́n gbé wọn lọ. Ó ní, "Múra sílẹ̀ o. Wọ́n á fẹ́ yí i mọ́ ẹ lọ́wọ́."

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, gbogbo wa wà ní téṣàn. Èéfín èédú gba ojú ọ̀run. Bí Alága ti na fèrè jáde láti ojú fèrèsé, ọwọ́ akọ̀wé ti wà lókè ṣáájú tèmi, nítorí ó ga, èmi kúrú. Ó ní, "Alága, gbé e fún mi jàre. Ṣé obìnrin ló fẹ́ máa fọn fèrè fún wa?" Àwọn ọmọkùnrin tó ti bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ pariwo pé bẹ́ẹ̀ ni. Alága wò ó, ó wò mí, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn. Ṣé ẹ mọ̀ pé ńṣe ló bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀? Ìyá rẹ̀ ń ké pè é nínú ọkọ̀, kò bojú wẹ̀yìn. Ó rìn kọjá níwájú akọ̀wé, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé okùn dúdú náà kọ́ mi lọ́rùn. Ó ní, "A kò dìbò fún ẹni tó ga jù." Lẹ́yìn náà ló padà sínú ọkọ̀, ọkọ̀ sì lọ. N kò rí i mọ́ láti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ọdún kan tí n kò rántí rẹ̀.

Minna kò tóbi nígbà náà. Kí n tó délé, ọ̀rọ̀ ti dé ṣáájú mi. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan, oníṣòwò obì, ti jókòó tì í lórí ẹní.

"Haba, Alfa! Ọmọbìnrin yín ló gbé fèrè kọ́rùn láàrin àwọn gende ní téṣàn? Mo ti ń sọ ọ́ tipẹ́, ìwé yìí ló ń bà á jẹ́. Ẹ fún un lọ́kọ, kí gbogbo wa sinmi."

Bàbá mi kò gbójú sókè nínú fìlà tó ń ṣe. Èmi mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nígbà tó fi mí sí ilé-ìwé, gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá a wí, ó sì ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìgbà náà. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe fèrè nìkan ni yóò lọ, ilé-ìwé náà á bá a lọ. Mo kúnlẹ̀ sẹ́bàá ẹní, mo ń dúró de ìdájọ́ mi. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó pè mí sún mọ́ ọn.

"Kí ló wà lọ́rùn rẹ yẹn?"

"Fèrè ni, Bàbá. Èmi ni Alága báyìí."

"Ṣé wọ́n fi ẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí o jà gbà á?"

"Wọ́n fi mí jẹ ẹ́ ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá fún mi, ǹ bá jà."

Màmá mi tó wà nídìí òfì nínú ilé wúkọ́. Ikọ́ ìkìlọ̀ ni. Bàbá mi fi abẹ́rẹ́ sára fìlà, ó wò mí dáadáa.

"Kí ènìyàn ṣe olórí kò burú. Ẹni tó bá lè ṣe é, kó ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbọ́ pé fèrè yẹn kan ẹnu rẹ. Ọmọbìnrin kì í súfèé nínú ilé mi, ká má tíì wá sọ ti fèrè níta. To, mo ti sọ̀rọ̀ tán."

"Bàbá, Alága tí kò bá fọn fèrè..."

"Mo ti sọ̀rọ̀ tán."

Mo lọ sẹ́yìnkùlé, mo gbé odó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún ata tí ẹnikẹ́ni kò rán mi láti gún. Mo gún un títí ojú mi fi ń ṣomi, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ ti ata nínú rẹ̀. Irú oyè wo nìyẹn? Wọ́n fi ènìyàn jọba, wọ́n ní kó má dé adé. Màmá mi wá bá mi níbẹ̀, ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹnu rẹ ni Alfa dè. Kò de ọwọ́ rẹ." Ó bu ata náà lọ sí ìdí ọbẹ̀, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sórí àpótí Alága, fèrè wà lọ́rùn mi. Àwọn ọmọkùnrin ń wo ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ògiri létí ní Keteren Gwari, ọ̀rọ̀ bàbá mi ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Akọ̀wé dìde, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ fi Hausa pè mí ní olórí, ó ní ká bẹ̀rẹ̀: "To, shugaba, mu fara mana!" Lẹ́yìn náà ló káwọ́ gbera, ó ń wo ẹnu mi. Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

Mo bọ́ fèrè náà lọ́rùn. "Kí a tó bẹ̀rẹ̀," ni mo wí, "mo fẹ́ ká dá ipò tuntun kan sílẹ̀. Iṣẹ́ Alága ti pọ̀ jù. Ẹnì kan kò lè máa ronú kó tún máa fọn fèrè. Láti òní lọ, ẹgbẹ́ yóò ní Afọnfèrè. Ẹ̀gbẹ́ Alága ni yóò máa jókòó. Bí Alága bá gbọ́wọ́ sókè, á fọn ún. Bí Alága kò bá gbọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ fọn ún. Akọ̀wé wa ni mo dá lábàá, torí kò sí ẹni tó fẹ́ràn fèrè yìí tó o nínú gbogbo wa."

Àwọn ọmọbìnrin pàtẹ́wọ́, ẹ̀rín sì sọ lápá àwọn ọmọ rélùwéè. Akọ̀wé wo fèrè, ó tún wò mí. Ó mọ̀ pé mo ti mú òun. Bí ó bá kọ̀, fèrè tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ lọ nìyẹn. Bí ó bá gbà á, ọwọ́ mi ni yóò máa wò. Fèrè náà ń dán nínú oòrùn lọ́wọ́ mi. Ó mí kanlẹ̀, ó na ọwọ́, ó gbà á.

"Ó dára," ni mo wí. "Ta ló kọ́kọ́ sọ Hausa lónìí?" Mo sì gbọ́wọ́ sókè.

Ó fọn ún fún ara rẹ̀, fíìì! Ó sì dìde, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní Yorùbá, pé kí olórí jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ ìyá.

Ọdún yẹn dùn. N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó yé yín tó bó ṣe wà nínú mi. Igbákejì akọ̀wé, ọmọbìnrin rélùwéè kan tí ọwọ́ rẹ̀ dára ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ, bọ́ sí ipò akọ̀wé. Lọ́dún Iléyá, àwọn ọmọ rélùwéè ló ru àwo ẹran káàkiri ilé àwọn ará Ìlọrin; nígbà Kérésìmesì, àwa la ru àwo ìrẹsì fún wọn. Afọnfèrè mi kò fi ojú kúrò lára ọwọ́ mi. Bí mo bá fẹ́ họ orí lásán, á ti gbé fèrè sẹ́nu. Òun náà ló ń jẹ̀bi Hausa jù nínú wa, ó sì ń fọn ún fún ara rẹ̀ láìṣe ojúsàájú. Bí mo bá pa ojú dé nísinsìnyí, mo ṣì ń gbóòórùn máńgòrò tó já sílẹ̀ lábẹ́ igi náà, pẹ̀lú èéfín èédú tó ń ti téṣàn bọ̀.

Bí mo bá ti ìpàdé dé, bàbá mi á pè mí sídìí fìlà rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ fèrè náà bí atẹ́gùn bá gbé e wá.

"Mo gbọ́ fèrè lónìí. Ta ló fọn ún?"

"Afọnfèrè ni, Bàbá."

"Ta ló ní kó fọn ún?"

"Èmi ni."

"To." Á sì padà sídìí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ kò ju ìyẹn lọ.

Nígbà tí mo parí ilé-ìwé, wọ́n gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìbàdàn. Oníṣòwò obì tún wá sọ ti ọkọ. Bàbá mi dé e ní fìlà tuntun kan, ó bá a ṣàdúrà, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá ku kí n gbé fèrè sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Igbákejì mi jẹ́ ọmọbìnrin láti ọ̀dọ̀ àwọn rélùwéè. Ọmọkùnrin kankan kò sọ pé obìnrin kì í fọn fèrè.

Mo wà lójú fèrèsé ọkọ̀, fèrè wà lọ́wọ́ mi, ẹgbẹ́ ń kọrin nísàlẹ̀. Bàbá mi wọ agbádá funfun. Kò wá sí téṣàn rí nítorí ẹgbẹ́ wa. Ó la àárín wọn kọjá títí ó fi dé ìsàlẹ̀ fèrèsé, wọ́n sì dákẹ́ fún un. Ó wo fèrè náà pẹ́.

"Láti ọjọ́ yìí ni mo ti ń gbọ́ ọ," ló wí. "Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń wò. Ó dáa, o ń lọ. Fọn ún. Ẹ̀ẹ̀kan péré, kí n gbọ́ ọ láti ẹnu tìrẹ."

Mo rí Afọnfèrè mi tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo rí àwọn ìyá tó sọ̀kalẹ̀ lọ ra iṣu, àwọn ọmọ tó jókòó sórí ẹrù, gáàdì tó ń ka àsíá rẹ̀ mọ́ra. Fèrè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ètè mi. Láyé mi, n kò tíì fẹ́ ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀.

"Bàbá," ni mo wí, "a kì í fọn ún ní téṣàn. Òfin ni."

"Ta ló ṣe òfin náà?"

"Àwa ni."

Ó dúró, ó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó pẹ́, ó sì fi etí agbádá nu ojú rẹ̀. "To," ló wí. "Òfin ni òfin. Gbé e fún ẹni tó kàn."

Mo na fèrè náà jáde, igbákejì mi gbà á. Gáàdì fọn tirẹ̀, ọkọ̀ sì ṣí. Mo sunkún títí a fi dé Zungeru, ìyá kan tó jókòó tì mí sì ń rò pé ilé ni mò ń sunkún fún, ó ń fún mi ní ẹ̀pà.

Nígbà tí mo padà wálé ní ìsinmi, fèrè ti wà lọ́rùn ẹlòmíràn. Mo ń gbọ́ ọ láti inú ilé lọ́jọ́ ìpàdé, bàbá mi náà ń gbọ́ ọ lórí ẹní rẹ̀. Mo dúró kó tún sọ fún mi pé kí n fọn ún, níbi tí òfin kò ti ní í dè mí. Kò sọ ọ́ mọ́ títí tó fi kú. Ó ti sọ̀rọ̀ tán.